Orí Keje: Kóòdù Tó Ń Ṣiṣẹ́ Níbi Tí A Kò Kọ Ọ́ Sí

Ká mú ètò kọ̀ǹpútà tí báǹkì kan fi ń gbé owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Iṣẹ́ gan-an tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: yọ owó níhìn-ín, fi í sí ọ̀hún, fún oníbàárà ní rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí kóòdù náà lè bá ogójì ìlà níbẹ̀. Àwọn kan ń wò ó bóyá ẹni tó pàṣẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ. Àwọn kan ń bá dátábéèsì dá májẹ̀mú pé bí apá kan iṣẹ́ náà bá kọ̀, kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní transaction. Àwọn kan ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí iṣẹ́ náà gbà, àwọn kan sì ń kọ ọ́ sínú log pé ta ló ṣe kí ni, nígbà wo. Àárín gbogbo wọn ni ìlà mẹ́ta tí báǹkì ń jẹun lára rẹ̀ fara pamọ́ sí.

Bó bá jẹ́ method kan ṣoṣo ni, a ò bá má sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ètò báǹkì ńlá a máa ní irú method bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ìlà àfikún yìí á sì máa tún ara wọn kọ nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí àṣẹ bá dé pé log kò gbọdọ̀ gbé nọ́ńbà àkáǹtì jáde lódidi mọ́, àwọn oníṣẹ́ ní láti fọwọ́ kan gbogbo ibi tí ìlà náà wà. Bí wọ́n bá gbàgbé ibì kan, kọ̀ǹpútà kò ní kígbe. Ibi tí wọ́n gbàgbé náà á kàn máa tẹ nọ́ńbà àwọn oníbàárà jáde lójoojúmọ́ ni.

Àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti bọ́ nínú ìdààmú yìí là ń pè ní irinṣẹ́ aspect-oriented programming, AOP ní kúkúrú. Ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń kọ orí yìí fún: ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ tó ní láti sọ bóyá kí wọ́n mú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọnú ètò tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ń kọ, àti èwo ni kí wọ́n mú. Ohun tí àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí lè ṣe pọ̀, àwọn tó ń polówó wọn kì í sì í gbàgbé láti sọ ọ́. Èmi rò pé ohun kan ló yẹ kó ṣáájú nínú ìdíwọ̀n wa: ẹni tó bá ka kóòdù yìí lọ́dún márùn-ún sí òní, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ ọ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé kóòdù mìíràn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí òun kò rí?

Ibi tí èrò náà ti wá

Ọdún 1972 ni David Parnas tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ohun tó yẹ ká fi pín ètò kọ̀ǹpútà sí abala. Ó ní kí abala kọ̀ọ̀kan fi ìpinnu kan pamọ́ sínú, ìpinnu tó ṣeé ṣe kó yí padà lọ́la, kí ìyípadà náà má baà ràn dé ibòmíràn. Lọ́dún 1974, Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ̀wé pé kí èèyàn gbájú mọ́ ẹ̀yà kan ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ pé ìyókù ń dúró de òun. Kò sí oníṣẹ́ tó ń kọ ètò ńlá tí kò gbà pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò, Java àti C++ nínú wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa láti gé iṣẹ́. Bí ẹ bá gé e sí àkáǹtì, oníbàárà àti owó yíyá, ọ̀rọ̀ àṣẹ, log àti transaction á dábùú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn á mọ ohun tí mò ń sọ: òwú kan nà gbọọrọ lọ síwájú, òwú kejì dábùú gbogbo wọn, kò sì sí bí a ṣe lè sọ pé òwú kejì yìí jẹ́ ti èyíkéyìí nínú àwọn àkọ́kọ́.

Ní Xerox PARC, ilé ìwádìí kan ní Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, ni Gregor Kiczales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Cristina Lopes àti John Lamping nínú wọn, ti mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn. Wọ́n gbé àpilẹ̀kọ wọn lọ sí ìpàdé ECOOP tó wáyé ní Jyväskylä, ní Finland, lọ́dún 1997. Wọ́n ní iṣẹ́ tó bá dábùú gbogbo abala náà yẹ kó ní ilé tirẹ̀, wọ́n sì pe ilé náà ní aspect. Ohun tí wọ́n fi ń yí àwọn èèyàn lérò padà lẹ́yìn náà ni àwòrán Tomcat, ètò tó ń fi ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àwọn tó béèrè rẹ̀. Wọ́n ya apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bí ọ̀pá, wọ́n sì fi àwọ̀ sàmì sí ìlà tó bá kan iṣẹ́ tí wọ́n ń wá. Kíka XML wà nínú ọ̀pá kan. Wíwá ojú ìwé tó bá àdírẹ́ẹ̀sì mu wà nínú ọ̀pá méjì. Nígbà tó kan log, àwọ̀ náà ta sára ọ̀pọ̀ ọ̀pá, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti wo àwòrán yẹn kò nílò àlàyé púpọ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà nígbà yẹn. Harold Ossher àti Peri Tarr gbé Hyper/J jáde ní IBM, yunifásítì Twente ní Netherlands ní ọ̀nà tirẹ̀, Karl Lieberherr ní yunifásítì Northeastern ní Boston náà ní tirẹ̀. AspectJ, tí Xerox PARC ṣe fún èdè Java, ló dé ọwọ́ àwọn tó ń fi kóòdù jẹun. Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, nígbà tí 2002 sì ń parí lọ, wọ́n kó o sábẹ́ Eclipse, níbi tó wà títí di òní.

Ohun tó wà nínú aspect

Aspect ní apá méjì tó ṣe kókó. Àkọ́kọ́ ni pointcut, gbólóhùn tó ń sọ ibi tí a fẹ́ wọlé. Ìkejì ni advice, kóòdù tí a fẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ṣáájú, lẹ́yìn, tàbí kó yí iṣẹ́ náà ká kó sì pinnu bóyá yóò wáyé rárá. Gbogbo ìgbà tí pointcut lè mú nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ là ń pè ní join point: ìgbà tí a pe method, ìgbà tí a ka iye tó wà nínú object, ìgbà tí a dá object tuntun, ìgbà tí àṣìṣe kan bẹ́ sílẹ̀. Pointcut AspectJ kan rèé:

pointcut iseBanki(): execution(public * banki..*Service.*(..));

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: gbogbo method tó ṣí sílẹ̀ fún ará ìta, nínú gbogbo class tí orúkọ rẹ̀ parí sí Service, níbikíbi lábẹ́ banki. Ìlà kan péré, ó sì lè mú ẹgbẹ̀rún méjì method lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dún 2000, Robert Filman àti Daniel Friedman sọ ohun méjì tó mú AOP yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀nà tó ti wà. Èkíní, gbólóhùn kan ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ ibi. Èkejì, àwọn ibi tó ń ṣàkóso kò mọ̀ pé ó wà. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí àlàyé tó ṣe ṣàkó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ohun kejì yẹn ni gbogbo èrè AOP wà, inú rẹ̀ náà ni gbogbo ewu rẹ̀ wà. Ẹni tó kọ method tó ń gbé owó kò ní láti ronú nípa log mọ́. Ẹni tó sì ń wá ìdí tí method náà fi ń falẹ̀ kò ní rí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó lè dá a lẹ́bi.

Ìgbà wo ni wọ́n ń hun ún?

Aspect àti kóòdù yòókù gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan kí ètò tó lè ṣiṣẹ́; mímú wọn pàdé yìí là ń pè ní híhun. Ibi tí wọ́n ti pàdé yìí ló ń pinnu ọ̀pọ̀ nínú ohun tí irinṣẹ́ náà yóò ná yín.

AspectJ ní kọ̀ǹpáílà tirẹ̀, ajc, tó ń hun wọ́n pọ̀ bó ṣe ń tú kóòdù Java. Ohun tó bá jáde ti pé, kò sí ohun tuntun láti ṣe nígbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í fa ìbẹ̀rẹ̀ ètò sẹ́yìn. Ìnáwó rẹ̀ wà ní ibi iṣẹ́: gbogbo ẹni tó ń kọ ètò náà gbọ́dọ̀ lo ajc, ìrìn Java ló sì gbọ́dọ̀ máa bá rìn. Láti 2018, Java tuntun ń jáde ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, AspectJ sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè kọjá sí i. Ẹ tún wo Lombok, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń dín kóòdù kù. Inú kọ̀ǹpáílà ló ti ń ṣe tirẹ̀, kò sì bá ajc rẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ àwọn méjèèjì ní láti fi javac tú kóòdù náà tán ná, kí ajc wá hun àwọn fáìlì tó jáde. Ó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọṣẹ́ lọ́la gbọ́dọ̀ lóye rẹ̀.

Híhun fáìlì tí wọ́n ti tú tán yìí wúlò fún ohun mìíràn: ẹ lè fi aspect wọnú jar tí ẹlòmíràn kọ, tí ẹ kò ní orísun kóòdù rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni híhun nígbà tí Java bá ń gbé class sínú mẹ́mọ́rì. Láti Java 5, tó jáde lọ́dún 2004, ni Java ti fàyè gba aṣojú kan, agent, tó lè yẹ class kọ̀ọ̀kan wò kó sì tún un ṣe kó tó wọlé. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ tan aspect lónìí kó sì pa á lọ́la láìtún ètò kọ́. Àmọ́ gbogbo class ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, bí ètò bá sì ní class púpọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi GraalVM kọ́ ètò rẹ̀ sí fáìlì kan tó ń ṣiṣẹ́ láìgbé class wọlé mọ́ kò lè lo ọ̀nà yìí rárá. Bákan náà, láti Java 21 ní 2023, Java ti ń kìlọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé agent wọ ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn yẹn bó bá yá. Agent tí ẹ dárúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò kò sí nínú ìkìlọ̀ náà.

Fún àwọn tí kò lo Java, mo lè sọ ní kúkúrú pé PostSharp ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní .NET lẹ́yìn tí kọ̀ǹpáílà bá ti parí tirẹ̀, owó lísẹ́ǹsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò. AspectC++ ń kọ kóòdù C++ tuntun láti ara èyí tí ẹ fún un.

Proxy, àti ibi tó ti ń dani

Ọ̀nà kẹrin kì í hun ohunkóhun, òun náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò, nígbà mìíràn láìmọ̀ pé AOP làwọn ń lò. Spring, tí Rod Johnson dá sílẹ̀, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2004, máa ń fi proxy kan síwájú object yín. Lójú ẹni tó ń pè é, proxy yìí jọ object náà. Ìpè á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ṣí transaction tàbí yẹ àṣẹ wò, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìpè náà fún object gidi. Kò sí kọ̀ǹpáílà tuntun, kò sí agent. Ẹni tó bá kọ @Transactional sórí method rẹ̀ ti lo aspect. Nígbà tó di ọdún 2006, Spring 2.0 gba èdè pointcut AspectJ wọlé, ẹ sì lè kọ aspect bí ti AspectJ kí proxy máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Agbára rẹ̀ kéré sí ti AspectJ. Ìpè method nìkan ló lè mú, lórí object tí Spring fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ nìkan. Method tó bá jẹ́ private tàbí final kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò kò nílò ju èyí lọ, n kò sì ka á sí àbùkù. Ìṣòro tó ń bà mí nínú jẹ́ ni èyí tó kàn yìí, nítorí owó àwọn èèyàn ló ń lọ sí i.

Ẹ ronú nípa class kan tó ní method méjì. Ọ̀kan ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ kan: ó yọ owó nínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́, ó fi í sí ti òṣìṣẹ́. Wọ́n kọ @Transactional sórí rẹ̀. Ìkejì ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́, kò ní @Transactional, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń pe ti àkọ́kọ́ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìpè láti ìta dé ọ̀dọ̀ ìkejì, ó gba ọ̀dọ̀ proxy kọjá, kò sí ohun tí proxy ní láti ṣe. Ìkejì wá pe àkọ́kọ́. Ìpè yìí kò jáde síta. Object ń pe ara rẹ̀ ni, proxy kò sì sí lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ka kóòdù náà á búra pé transaction wà níbẹ̀, nítorí ó rí i tí wọ́n kọ ọ́. Kò sí níbẹ̀. Dátábéèsì á gba ìlà kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ tó ti parí. Bí sáfà bá kú lẹ́yìn yíyọ owó, kó tó dé àkáǹtì òṣìṣẹ́, owó ti kúrò níbì kan, kò dé ibì kejì, kò sì sí ohun tí yóò dá a padà. Àyẹ̀wò tí ẹ kọ fún method àkọ́kọ́ á yege, nítorí àyẹ̀wò náà pè é láti ìta, ó gba ọ̀dọ̀ proxy kọjá.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà Spring kò fi èyí pa mọ́. AspectJ kò ní ìṣòro yìí, nítorí inú method gan-an ló ń fi kóòdù rẹ̀ sí. Ẹ lè gbé method àkọ́kọ́ lọ sí class mìíràn, ẹ sì lè sọ fún Spring pé kó lo AspectJ fún transaction. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn. Ó rọrùn, ẹni tó ń kà á á sì rí i.

Ọ̀rọ̀ ètò títẹ̀léra náà wà. Ká ní ẹ ní aspect tó ń tún iṣẹ́ gbìyànjú bí dátábéèsì bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ní ti transaction. Àtúngbìyànjú gbọ́dọ̀ wà lóde, transaction nínú, kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan lè ní transaction tuntun. Bí ẹ bá gbé e gba ọ̀nà kejì, inú transaction tó ti bàjẹ́ ni ẹ ó ti máa gbìyànjú. Nínú Spring, aspect tí ẹ kò fún ní ipò máa ń bọ́ sí ipò tó kẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni ti transaction wà bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Èwo nínú wọn ni yóò ṣáájú? Spring kò ṣèlérí kankan. Ẹ kọ ipò wọn sílẹ̀ kedere.

Orúkọ tó yí padà

Ẹ padà sí pointcut tí mo kọ lókè. Ó gbára lé orúkọ: class tó parí sí Service. Lọ́jọ́ kan, oníṣẹ́ kan tó fẹ́ kí kóòdù mọ́ sọ TransferService di TransferHandler. Ìyípadà rere ni, kọ̀ǹpáílà gbà á, àyẹ̀wò yege. Àmọ́ pointcut kò mú class náà mọ́, kíkọ log rẹ̀ sì parí nìyẹn. Bí pointcut kò bá mú ibì kankan rárá, ajc á kìlọ̀. Bó bá mú igba tẹ́lẹ̀ tó wá ku ọgọ́sàn-án, kò ní sọ nǹkan kan. Oníṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Kò sí ohun kankan nínú TransferService tó sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Èyí ni ìdí pàtàkì tí àwọn onímọ̀ kan fi dojú ìjà kọ AOP. Lọ́dún 2004, àwọn mẹ́ta tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ goto tí Dijkstra ti bá wí ní 1968. Lọ́dún 2006, Friedrich Steimann, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì, béèrè bí ohun tí wọ́n ní ó ń mú kí abala ètò dá dúró ṣe wá jẹ́ pé kò sí abala tí èèyàn lè dá kà kó sì yé e mọ́ láìka gbogbo aspect inú ètò náà. Mo rò pé ìbéèrè Steimann tọ́, kò sì sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀ tán. Bí ẹ ó bá lo AOP, ẹ gbọ́dọ̀ fi irinṣẹ́ àti ìwà dípò ohun tí kóòdù kò lè sọ fúnra rẹ̀.

Irinṣẹ́ wà. Nínú Eclipse àti IntelliJ IDEA, àmì lè hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ method tí aspect kan ń wọ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ láti lọ wo aspect náà. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìyípadà wò lórí GitHub kò ní rí àmì náà. Nípa ti ìwà, ohun tí mo gbà yín níyànjú jù ni kí pointcut gbára lé annotation, irú àmì bíi @Transactional tí a ń kọ sórí method. Bí method bá ní @KoSinuLog lórí, ẹni tó ń kà á rí i, bí ẹnikẹ́ni bá sì yí orúkọ class padà, annotation náà á bá a lọ. Ẹ ti pàdánù díẹ̀ nínú ohun kejì tí Filman àti Friedman sọ: kóòdù náà ti wá mọ̀ díẹ̀ pé aspect ń bọ̀. Nínú ètò tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ń kọ, inú mi dùn sí àdánù yẹn.

Ohun tí IBM rí

Ìtàn ètò ńlá tó ṣeé gbára lé kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà èyí tó wà níye lórí. Adrian Colyer àti Andrew Clement ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM tó wà ní Hursley, ní England, Colyer ló sì ń darí AspectJ ní Eclipse nígbà yẹn. Wọ́n lo AspectJ lórí ètò ńlá tí IBM ń tà, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń kọ́ ètò tiwọn lé lórí, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní AOSD, ìpàdé àwọn oníwádìí AOP, ní Lancaster lọ́dún 2004.

Wọ́n gbé oríṣi iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó jọra níbi gbogbo: kíkọ ipasẹ̀ ètò sílẹ̀, gbígba ẹ̀rí sílẹ̀ nígbà tí àṣìṣe bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, àti wíwọn bí ètò ṣe ń yára sí. Òfin ti wà fún àwọn mẹ́ta yìí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ síbi gbogbo. Aspect tẹ̀lé òfin náà déédéé ju ọwọ́ èèyàn lọ. Oríṣi kejì ni ìtìlẹ́yìn fún EJB (ìlànà Java kan fún ètò ilé-iṣẹ́), tó ta gbòǹgbò káàkiri ètò náà, tí ohun tó ń ṣe níhìn-ín kò sì jọ ohun tó ń ṣe lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ lódidi kí ètò náà lè ṣeé kọ́ láìsí i. Wọ́n fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó bá a rìn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wọn irinṣẹ́. Bí iṣẹ́ tó dábùú ètò yín bá jọra níbi gbogbo, AOP yóò san án fún yín. Bí ìrísí rẹ̀ bá ń yí padà láti ibì kan sí òmíràn, aspect kan kò lè gbà á, ẹ ó sì bá ara yín níbi tí ẹ ti ń kọ aspect kọ̀ọ̀kan fún ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kúkú kọ ọ́ sínú method lásán.

Bí mo ṣe máa ń wọ̀n ọ́n

Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń dààmú yín, kó jẹ́ èyí tó jọra níbi gbogbo, kí ẹ sì ṣe é pẹ̀lú proxy ná. Ẹ wọn àsìkò tí ètò fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ wá pe oníṣẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ọ́, ẹ fún un ní ìlà kan nínú log, kí ẹ ní kó wá ibi tí ìlà náà ti jáde. Bí ó bá lo gbogbo òwúrọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ti rí iye tí irinṣẹ́ náà yóò máa ná yín lóṣooṣù, kò sì sí ìwé ìpolówó tó máa sọ ọ́ fún yín.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí mi ò lè fojú fò. Aspect lè rí gbogbo ohun tó wọ method. Aspect log tí wọ́n kọ pé kó tẹ gbogbo ohun tí wọ́n fún method jáde yóò tẹ PIN oníbàárà jáde, yóò tẹ BVN rẹ̀ jáde, lóru àti lọ́sàn-án, nínú gbogbo method tó bá mú. Ìlà kan ló kọ ọ́, ìlà kan náà ló sì tú àṣírí náà. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti sọ irú èyí di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Kí aspect máa tẹ ohun tí ẹ dárúkọ fún un nìkan jáde.

Nípa AspectJ gan-an, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó, èmi sì kà á sí ẹ̀yà rẹ̀ tó láyọ̀lé jù. Ẹ lè kọ òfin pé kò sí class kankan lẹ́yìn àwọn ti dátábéèsì tó gbọ́dọ̀ pe JDBC, ọ̀nà tí Java fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ní tààrà, kí ajc sì kọ̀ láti tú ètò náà bí ẹnikẹ́ni bá rú u. Kò fi ohunkóhun kún ètò tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí kóòdù tó fara pamọ́ síbì kankan. Òfin tí ẹ ti ń sọ lẹ́nu láti ọdún pípẹ́ á wá di ohun tí kọ̀ǹpáílà ń ṣọ́.

Ìpàdé AOSD, tó bẹ̀rẹ̀ ní Enschede lọ́dún 2002, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Modularity ní 2014. Àwọn kan ka èyí sí òpin AOP. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò náà ti wọnú Spring àti Jakarta EE, agent OpenTelemetry sì ń fi irú rẹ̀ tọpa ètò Java láìjẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan kóòdù yín. Ó kàn di ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò láìmọ orúkọ rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ ká kọ́ ọ lákọ̀ọ́tán.

Ìdájọ́ mi fún ètò Java ńlá nìyí. Kí proxy pẹ̀lú annotation gbé transaction, àṣẹ àti wíwọn àsìkò. Kí AspectJ máa ṣọ́ ààlà láàárín abala ètò, kó sì wọ ibi tí ọwọ́ proxy kò tó, bí ẹ bá ti rí i gbangba pé kò tó ó. Òfin tó ń sọ iye èlé tàbí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó kò gbọdọ̀ wọnú aspect láé. Inú method tí ẹni tó ń wá a yóò kọ́kọ́ wò ni kó wà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní aspect nínú ètò yín lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fáìlì kan sínú ètò náà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn síbẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, èwo ló ń ṣáájú èwo, àti ẹni tí a ó bi bí ó bá dàrú.